Okùn Inú Òkun: Bí Ìwé Ṣe Ń Gúnlẹ̀ sí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ní oṣù Kìíní ọdún 1916, ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Appam ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lára ẹrù inú rẹ̀ ni ìdì ìwé àfọwọ́kọ kan tí Dókítà Obadiah Johnson fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ogun Àgbáyé Kìíní ń jà lọ́wọ́. Kí Appam tó débi tó ń lọ, ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Möwe, dá a lọ́nà, ó gbà á, wọ́n sì wà á kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ náà ti rì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì kí wọ́n tó gbúròó ìdì ìwé yẹn lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé.

Ìwé yìí kan náà ti sọnù rí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹ̀gbọ́n Obadiah, ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó parí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì rá sọ́hùn-ún. Samuel kú ní 1901 láìfojú kàn án mọ́. Àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé ni àbúrò rẹ̀ kó jọ, tó fi tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí The History of the Yorubas jáde níkẹyìn ní 1921, Obadiah náà ti kú ní ọdún tó ṣáájú.

Ìwé náà wà lórí fóònù mi báyìí. Ajégúnlẹ̀ ni mo ti ń kà á, nínú yàrá kan tí kò jìnnà sí Boundary, mi ò sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí owó dátà. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí nínú àròkọ yìí ni bí a ṣe rìn débẹ̀, láti ìgbà tí ìwé ń gba orí omi wá títí di ìgbà tó ń gba abẹ́ omi wá. Mo fẹ́ sọ ohun tí ọ̀nà tuntun yìí ní nílé fún òǹkàwé àti òǹkọ̀wé, àti ibi tó ti lè já wọn kulẹ̀.

Ọdún 1921 tí ìwé Johnson jáde gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọ́ọ̀fù Àpápá. Ibi ìdíkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, níbi tí omi ti jìn tó fún ọkọ̀ òkun ńlá, iṣẹ́ náà sì parí ní 1926. Wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ sí i láàárín 1948 sí 1956. Wọ́ọ̀fù ń fẹ́ alágbára tí yóò ru ẹrù, ṣùgbọ́n ilé Àpápá kì í ṣe ilé tí alágbàṣe lè gbà. Òdìkejì ni wọ́n ń sùn sí. Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo, Ìgbò, Hausa, Ẹ̀gùn àti Yorùbá láti ibi gbogbo ni wọ́n jọ kọ́lé sórí ilẹ̀ àbàtà yẹn. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ kò fara sin: ajé gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Bàbá mi wà lára àwọn tó bá wọn ru ẹrù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: ìwé kọ́ ni olórí ẹrù Àpápá. Ní 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba rà di àjàalẹ̀, ọkọ̀ tó lé ní irinwó (400) sì tò sójú omi Èkó tí wọn ò ráyè já ẹrù. Wàhálà yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can, èyí tí wọ́n ṣí ní 1977. Síbẹ̀, ìwé ń bẹ láàárín ẹrù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, tí Èkó náà ṣe tirẹ̀ ní 1957, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìwé tí ọmọ iléèwé gbé dání ti wá. Ìwé Yorùbá pàápàá kò yọ sílẹ̀. CMS ló kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, kó tó di pé ilé iṣẹ́ Nelson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á. D. O. Fágúnwà fi Yorùbá kọ ìtàn igbó ilẹ̀ Yorùbá, ìwé náà sì gba ojú òkun padà wá bá wa. Mo máa ń rò ó pé iwin inú ìwé yẹn á ti mọ ọ̀nà òkun ju àwa lọ.

Lẹ́yìn náà ni ayé ìwé tòkunbọ̀ dé. Bí mọ́tò àti fíríìjì àlòkù ṣe ń wọlé nínú kọ̀ńténà ni ìwé àlòkù náà ń wọlé. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tapólì lẹ́bàá títì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó lè ka orúkọ rẹ̀. James Hadley Chase wà níbẹ̀, Mills & Boon wà níbẹ̀, ìwé Pacesetters tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ ní 1977 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí ìwé bẹ́ẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ kíkà fún ìgbádùn. Ṣùgbọ́n ohun tí òkè òkun bá dà nù ni ìwọ yóò rí kà. Mi ò rántí pé mo rí ìwé Yorùbá kan ṣoṣo lórí tapólì wọ̀nyẹn.

Ní 2001, fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà. Lẹ́nu ọdún mélòó kan, sàíbà kàfé gba gbogbo àdúgbò kan. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, ẹ ó tẹ nọ́ńbà orí rẹ̀, kí ojú ìwé kan tó ṣí tán, ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Àwọn tó rọ́wọ́ mú díẹ̀ máa ń ra ti òru, tí wọ́n ó fi ìyókù òru rìn lójú ayélujára títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo mọ orúkọ burúkú tí kàfé ní, mo sì mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe níbẹ̀. Àwa kan ń ka ìwé. Ẹ̀rọ sátẹ́láìtì ni ọ̀pọ̀ kàfé ń lò nígbà yẹn, ó sì wọ́n bí ojú. Okùn SAT-3 tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun láti Potogí títí dé Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ó sì fẹsẹ̀ kan Èkó. MainOne tẹ̀ lé e ní 2010. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń gba abẹ́ omi kọjá, tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Àpápá sì ń kọjá lórí rẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ kò jókòó wò ó. Ní 2007, Paradigm Initiative tí 'Gbénga Ṣẹ̀san dá sílẹ̀ gbé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Ajegunle.org kalẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní kọ̀ǹpútà àti ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi jẹun. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àdúgbò wa nínú ìwé ìròyìn, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù, orin àti ìjà nìkan ló wà níbẹ̀, á mọ̀ pé ohun tó dára ni kí orúkọ Ajégúnlẹ̀ jẹ́ orúkọ ìkànnì ẹ̀kọ́.

Kí ló wá wà níbẹ̀ lónìí? Internet Archive ni mo kọ́kọ́ máa ń júwe fún èèyàn. Brewster Kahle dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996. Yàtọ̀ sí Johnson, ẹ ó bá ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe ní 1852 níbẹ̀, àti ti T. J. Bowen tí Smithsonian tẹ̀ ní 1858. Mo ti jókòó ti ìwé Bowen láti alẹ́ títí òru ọ̀gànjọ́, tí mò ń wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà mi ń sọ tí èmi ò sọ mọ́. Ẹ fara balẹ̀ wo bí ìwé náà ṣe tóbi tó kí ẹ tó gbà á sílẹ̀: èyí tó jẹ́ àwòrán ojú ìwé lè gbé dátà ọ̀sẹ̀ kan lọ, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó kà á ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ di wóróbo. Èmi máa ń gba èyí tó fúyẹ́ fún wíwá ọ̀rọ̀, màá wá ṣí ojú ìwé yẹn nìkan nínú èyí tó wúwo.

HathiTrust náà ní ìwé lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ jókòó sí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ṣí àwọn ilẹ̀kùn kan. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè ka ìwé kan tí ẹni tó wà ní Olódì-Àpápá kò ní rí ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ìwé Èkó, nípa Èkó, tí ará Èkó kò gbọdọ̀ ṣí! Mo ti bínú sí i tó.

Fún òǹkọ̀wé tó ń fẹ́ orúkọ fún àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ ní 2015 wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ orúkọ àti àmì ohùn wọn. Archivi.ng ń ya àwòrán ìwé ìròyìn Nàìjíríà láti 1960 sí 2010 sórí ayélujára. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní 1977 lè wo irú ìpolówó ọjà tí àwọn èèyàn ń rí láàárọ̀. Àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní 2017, ń gbé ewì àti ìtàn Yorùbá tuntun jáde, wọ́n sì ń fún òǹkọ̀wé Yorùbá ní ẹ̀bùn. BBC Yorùbá wà láti 2018. Wikipedia Yorùbá ti dàgbà ju gbogbo wọn lọ, láti 2002, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ojú ìwé kan níbẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àwọn ìtàn ẹlẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n ń gbé sórí Facebook àti WhatsApp. Òǹkọ̀wé á kọ díẹ̀, á dúró síbi tó dùn, àwọn òǹkàwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, á tún gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mẹ́wàá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń sọ pé àṣà tuntun ni. Kò tuntun. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas gbé Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ó sì ṣe é bí ẹni pé obìnrin náà ló ń kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Èkó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ìtàn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe fóònù tí à ń lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ìkọsílẹ̀ èdè wa fúnra rẹ̀. Ẹ wo àkọlé àròkọ yìí. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, ó di «okun inu okun». Ṣé okùn tí a fi ń di ẹrù ni, àbí òkun tó ń ru gùdù, àbí okun inú ara? Èèyàn lè fi ọgbọ́n orí yọ ọ́. Ẹ̀rọ kò lè yọ ọ́. Nínú ètò Unicode, tó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń so pọ̀, ti lẹ́tà àti ti àmì tó gùn ún. Ẹlòmíì lè bẹ̀rẹ̀ láti é, kó wá fi ẹsẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí wọn ò kọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí ẹ bá sì ń wá èkíní, kò ní fi èkejì hàn yín.

Ẹ tún wá fi ti àkọtọ́ kún un. Láti ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, bí a ṣe ń kọ Yorùbá kò dúró sójú kan. Ẹni tó bá ń wá «ayé» àti «èèyàn» nínú ìwé 1930 kò ní rí nǹkan kan. «Aiye» àti «enia» ni kó kọ, láìfi àmì kankan sí i. Ìmọ̀ràn yìí nìkan ti ṣí ìwé fún mi ju ohunkóhun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà lọ. Èmi máa ń wá ọ̀rọ̀ kan lọ́nà mẹ́ta: pẹ̀lú àmì, láìsí àmì, àti bí àwọn baba wa ṣe kọ ọ́. Tí mo bá sì fẹ́ gbé nǹkan tèmi síta, mo máa ń fi gbogbo àmì sí i, màá wá kọ orúkọ fáìlì náà láìsí àmì kó má bàa dà rú lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á.

Ọ̀rọ̀ òwò ìwé lórí fóònù dùn mí ju ti àmì lọ. Ní 2013, Okechukwu Ofili dá OkadaBooks sílẹ̀. Ọ̀kadà tó ń sá gba àárín gòsílóò ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá mọ títì Àpápá nígbà tí tírélà àti tánkà tò síbẹ̀ tọ̀sán tòru yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Òǹkọ̀wé tí atẹ̀wé kankan kò wò lójú lè gbé ìwé rẹ̀ síbẹ̀, kó fi owó tó fẹ́ lé e lórí, kí òǹkàwé sì fi fóònù rà á. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ló kọ́kọ́ rí òǹkàwé níbẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó ti ilẹ̀kùn. Ìwé tó wà níbẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́ ṣì lè gbé e lọ síbòmíì, bí Obadiah Johnson ṣe padà sí àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ tààrà sórí ìkànnì kan tí kò ní ẹ̀dà kankan nílé, ó wà nínú ewu tí Samuel Johnson wà, kò sì sí Jámánì kankan tó yẹ kó di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní WhatsApp ti gba iṣẹ́ náà ṣe, pé kò sí ìwé tí ẹ fẹ́ tí ẹnìkan kò ní fi ránṣẹ́ sí yín. Òótọ́ ni, mo sì ti gbà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òǹkọ̀wé ọ̀hún bá ṣì wà láàyè tó ń tà á, olè ni, kódà bí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá fi àdúrà tì í. Ìwé Johnson, Crowther àti Bowen ti kúrò lábẹ́ òfin oníǹkan. Ti òǹkọ̀wé tó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ tó ń wá owó ilé kò tíì kúrò.

Okùn inú òkun náà kò ju okùn lọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú wọn já ní tòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Báǹkì dá iṣẹ́ dúró níbòmíì, ayélujára dákẹ́ lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn, òmíràn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ń rá pálá. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, a sì ti ṣètò láti jọ ka nǹkan lórí Wikipedia Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun tó gbà wá ni Kiwix. Ètò ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ gba odindi Wikipedia èdè kan sílẹ̀ sórí fóònù tàbí mẹ́mórì kádì, tí ẹ ó máa kà á láìsí dátà rárá. Ti Yorùbá kò tóbi, fóònù olówó pọ́ọ́kú lè gbé e. Mo ti gbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé dátà wọ́n, láìrò ó pé òkun lè fa okùn já.

Àwọn ọmọ náà wá orúkọ àdúgbò wọn níbẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni ọ̀kan, ọmọ Urhobo ni èkejì, ọmọ Ìgbò tó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ Ọ̀yọ́ lọ ni ẹ̀kẹta. Wọ́n wá títì tí wọ́n ń gbé, wọn ò rí i. Wọ́n wá ọjà Boundary, wọn ò rí ohun tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọmọ Ìgbò náà bi mí pé, «Mà, ta ló ń kọ nǹkan síbẹ̀?» Mo ní ẹnikẹ́ni ni. Kò gbà mí gbọ́ àfìgbà tí mo fi bọ́tìnnì àtúnṣe hàn án nígbà tí ayélujára padà dé.

Láti ìgbà yẹn, wọ́n ti ń lọ bá àwọn arúgbó àdúgbò, wọ́n ń béèrè bí títì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́, ta ló kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀, níbo ni omi dé kí wọ́n tó bu yanrìn dí i. Títì mẹ́ta ni wọ́n ti parí. Inú ìwé aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sí pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ẹlòmíì á yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé búlúù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi nílé, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀ wá gba ẹ̀kẹrin lọ́jọ́ Ajé.